"Wọ́n" Tí Kò Ju Ẹnìkan Lọ

Bí ẹ bá pàdé obìnrin náà lójú pópó, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, bàtà pẹlẹbẹ ló máa ń wọ̀, báàgì dúdú ló máa ń gbé kọ́ apá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló sì máa ń tọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ títì. Àmọ́ ẹ dé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ẹ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, kí ẹ béèrè Elétí Ehoro. Kódà ẹni tó ń nu ilẹ̀ á júwe yàrá rẹ̀ fún yín. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ gùn o. Ohùn tí ẹlòmíì gbọ́ tó ní ariwo lásán ni, òun á gbọ́ ọ, á sì sọ fún yín pé ọkùnrin ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti yọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n á gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá fún un: ohùn ìpàdé, ohùn rédíò, ohùn orí fóònù pẹ̀lú. Ẹ má bi mí bí ìjọba ṣe ń rí ti orí fóònù gbà. Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n wá bi mí ní nǹkan. Á fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí méjèèjì. Irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ tábìlì tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀: bó bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á máa lọ, bó bá gbé ẹsẹ̀, ohùn á dúró. Èdè wa ló ń gbọ́, èdè òkèèrè ló ń tẹ̀ sójú ìwé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹnu ẹ̀ ló wà tí ọkọ rẹ̀ fi kú, ẹnu ẹ̀ náà ló wà tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì fi lọ sílé ọkọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tí à ń bá fa wàhálà, àwọn ará Òdìkejì, odò lásán ló pín àwa àti àwọn, èdè kan náà la sì ń sọ. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìjọba méjèèjì ti jà rí lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ èdè náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnìkejì, ló bá di pé èdè òkèèrè nìkan ni wọ́n ń lò lórí tábìlì, kí àwọn onílàjà tó ti ọ̀nà jíjìn wá lè máa gbọ́. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó, wọ́n ń fi èdè àlejò bú ara wọn. Ẹ máa wo ayé.

Nínú èdè wa, ẹ mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, "wọ́n" lè jẹ́ ogún èèyàn, ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo tó jókòó sórí àga. Ọ̀wọ̀ ni. Èdè òkèèrè ò ní irú ẹ̀. Níbẹ̀, ẹnìkan jẹ́ ẹnìkan, bó ti wù kó dàgbà tó. Ọ̀gá àtijọ́ tó kọ́ Elétí Ehoro níṣẹ́ mọ èyí dáadáa. Bó bá ti kan "wọ́n" tí kò dájú, á fa ilà sí etí ìwé, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè jẹ́ ẹnìkan, ó lè jẹ́ púpọ̀. Ọ̀gá tuntun dé, ó ní kí wọ́n yéé kọ nǹkan sí etí ìwé. Ó ní bí iyèméjì bá ti wà létí ìwé wa, àwọn onílàjà á máa wò wá bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Elétí Ehoro ò bá a jiyàn. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ibi tí wọ́n bá ní ká gbé e gbà là ń gbé e gbà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ariwo ti gba ìlú pé àwọn Òdìkejì fẹ́ bá wa da ìbò rú, pé wọ́n ti kó èèyàn wọlé. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí èèyàn ọ̀hún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbé ohùn mẹ́jọ ka iwájú Elétí Ehoro, wọ́n sì kọ "kíákíá" sára gbogbo wọn. Ẹ̀karùn-ún ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹnìkan ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó ní òun ń dín àkókò kù. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú ọgbà ilé aṣojú ìjọba Òdìkejì. Ohun tó sọ rèé:

"Wọ́n dé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò títí ìdìbò á fi kọjá. Mo ti fi wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn dání o, àmọ́ mo ní kí wọ́n má tíì lò ó, torí ariwo. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fi lè mọ̀ nínú ilé ńlá pé wọ́n wà níbí, mo gbé."

Ẹsẹ̀ Elétí Ehoro kúrò lórí irin lẹ́ẹ̀kan. "Wọ́n" àkọ́kọ́ yẹn, ohùn ọkùnrin náà rọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, etí rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohùn mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, ẹni tó ń dúró gba ìwé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń wo aago, kò sì sẹ́ni tó ń kọ nǹkan sí etí ìwé mọ́. Ló bá tẹ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí èèyàn púpọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ti wá pọ̀, ẹ̀rọ wọn ò lè jẹ́ ẹyọ kan mọ́. Òun náà di àwọn ẹ̀rọ. Ó tẹ ìwé náà jáde, ó fà á fún ẹni ẹnu ilẹ̀kùn, ó lọ mu omi.

Ẹyin lohùn. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo rédíò ti ń kà á pé àwọn Òdìkejì ti kó èèyàn àti ẹ̀rọ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn nílé aṣojú wọn. Olórí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé ìwé náà sókè níwájú àwọn oníròyìn. A lé mọ́kànlá nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣojú náà padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, àwọn náà lé mọ́kànlá tiwa, wọn ò fi ẹyọ kan ṣìṣe. Wọ́n ti afárá orí odò pa. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù yẹn, ológbà ilé aṣojú náà ni, ọmọ ilẹ̀ wa sì ni, torí náà kò sí òfin tó dáàbò bò ó. Wọ́n gbé e níta géètì níbi tó ti ń gé koríko ẹ̀gbẹ́ títì. Orí yéye ní Mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀. Ọ̀gá wọ yàrá Elétí Ehoro lọ́jọ́ náà, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀gá kankan ò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rí.

Ìbò wá, ìbò lọ, ẹgbẹ́ tó wọlé wọlé, ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi ń pariwo. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ẹ̀ ni obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà láràárọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan síwájú, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kó wá bá àwọn lẹ ìdí ṣòkòtò. Lọ́jọ́ kẹrin, Elétí Ehoro ń wọlé lọ, ó gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń sọ fún ẹ̀ṣọ́ kan, láìpariwo, bí ẹni tó ti sọ ọ́ nígbà ogún.

"Màmá wa ni wọ́n, sà. Àwọn nìkan ni wọ́n. Ẹ̀rọ wọn rèé."

Elétí Ehoro dúró lójú kan. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ tó fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, ó lóṣòó ti obìnrin náà, ó ní kó rọra sọ ọ́ fún òun. Àbúrò ológbà ni. Ó ní ìyá àwọn ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, aránṣọ ni wọ́n, ìyá nìkan ló sì ń dá gbé nílé. Nígbà ìdìbò tó ṣáájú èyí, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Nígbà tí èyí tún ń bọ̀, ẹ̀rù ba ìyá àgbà, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n sá wá sọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin nínú ọgbà aṣojú. Òfin ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ gba ẹbí sílé, ìdí nìyẹn tó fi fi wọ́n pamọ́. Nígbà tí wọ́n mú un, ìyá gba géètì ẹ̀yìn jáde, tàwọn tẹ̀rọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun yìí kì í pe ẹni tó bá fi ọjọ́ kan jù ú lọ ní "ó". Kódà ajá aṣojú tó ti darúgbó, "wọ́n ti jẹun" ló máa ń sọ nípa rẹ̀, gbogbo ilé á sì máa rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹkún sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Elétí Ehoro gun àtẹ̀gùn bí ẹni tó gbé òkúta. Ó lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ohùn pamọ́ sí, ó gba odidi ohùn náà, èyí tí wọn ò gé. Ohun tí wọ́n gé kúrò níwájú ò ju gbólóhùn kan lọ: "Àbúrò mi, Màmá ti dé o." Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ohun ìgbọ́rọ̀ sílẹ̀, ó gbórí lé tábìlì, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti pa ọmọ ọlọ́mọ.

Kò sùn lé e. Ó tẹ ojú ìwé kan tó fi ṣàtúnṣe, ó gbé e lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣèèyàn burúkú, mi ò ní torí pé inú ń bí mi kí n wá sọ pé ó burú. Ó ní òun gbà á gbọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Olórí ìjọba ti gbé ìwé yẹn sókè lójú gbogbo ayé. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún olórí ìjọba pé ìyá ológbà ló gbé sókè? Ó ní ìpàdé ìlàjà ku ọ̀sẹ̀ kan, kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìpàdé.

"Sà, ẹ̀bi mi ni," Elétí Ehoro wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi."

"Ẹ̀bi yín ni lóòótọ́, mà. Àmọ́ kì í ṣe tiyín mọ́. Orílẹ̀-èdè ti gbà á lọ́wọ́ yín."

Ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn ńlá, tábìlì gígùn, ìgò omi níwájú kálukú, àwọn onílàjà mẹ́ta láàárín. Wọ́n fi Elétí Ehoro sí ìlà ẹ̀yìn pé kó máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìwé àtúnṣe wà nínú báàgì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sinmi díẹ̀ láti mu tíì, ó lọ bá ògbufọ̀ àwọn Òdìkejì, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tí wọ́n ti jọ ń kí ara wọn lórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ ṣe yìí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó fún un ní ìwé náà. Bàbá kà á, ó ká a, ó dá a padà fún un.

"Màdáámù, a ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì. A bá òwú àti abẹ́rẹ́ ní yàrá ológbà."

Ó bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá tú u palẹ̀ fún un, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìṣirò fọ́mọ iléèwé. Ó ní ẹ̀yin fi ẹ̀sùn kàn wá, ẹ sì ti múra láti gbé e sọnù bí a bá gbà pé ìbò yín mọ́. Àwa náà ti múra láti gbà pé ó mọ́ bí ẹ bá jẹ́ kí àwọn apẹja wa máa dé ìsàlẹ̀ odò. Bí a bá wá sọ lónìí pé kò sí nǹkankan níbẹ̀ rárá, kí lẹ máa gbé sọnù, kí sì ni a máa fi gba odò?

"Ológbà ńkọ́?"

"Ọmọ tiyín ni. A ò lè bá yín béèrè rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Elétí Ehoro ò jókòó. Obìnrin tó ń tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó rìn láàárín gbọ̀ngàn lọ tààrà, ó gbé ìwé náà síwájú olórí onílàjà, ó sì sọ ọ́ lẹ́nu ní èdè òkèèrè, kó má baà sí pé ẹnìkan ò gbọ́: pé ẹnìkan ṣoṣo ni, ìyá àgbà ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ni, òun lòun ṣì í kọ. Olórí onílàjà kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó da ojú ìwé náà dé. Ó ní a ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn ní ìpínrọ̀ kẹsàn-án. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Ó bá a lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kí ara wọn, kálukú bá tiẹ̀ lọ.

Ìpínrọ̀ kẹsàn-án ni pé ìhà méjèèjì ò ní sọ̀rọ̀ náà mọ́, àti pé kí wọ́n ti fáìlì rẹ̀ pa fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n fọwọ́ síwèé. Wọ́n ṣí afárá. Mọ́kànlá padà síbí, mọ́kànlá padà sọ́hùn-ún, wọ́n ya fọ́tò. Elétí Ehoro, wọ́n gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ilé níbi tí wọ́n ń to ìwé àtijọ́, wọ́n sì gba ohun ìgbọ́rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ológbà wá le jù. Fáìlì tó mú un dèrò àtìmọ́lé ni wọ́n tì pa yẹn, kò sí adájọ́ tó lè ṣí i láti dá a lẹ́bi, kò sì sí èyí tó lè ṣí i láti dá a láre. Wọ́n fi í síbẹ̀ títí ó fi pé oṣù márùn-ún, wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kó máa lọ. Ilé aṣojú ní àwọn ò gbà á síṣẹ́ mọ́, nítorí ó rú òfin, ó gba ẹbí sílé.

Oṣù méjì kọjá kí Elétí Ehoro tó lè kó ara rẹ̀ jọ lọ kí ológbà. Àbúrò rẹ̀ ló júwe ilé: yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ó bá ọkùnrin náà lórí ìjókòó kékeré lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbin òdòdó sínú agolo mílíìkì, torí pé kò sí ilẹ̀. Agolo tó tò kalẹ̀ á tó ogójì. Ó kéré sí Elétí Ehoro lọ́jọ́ orí dáadáa, àmọ́ obìnrin náà kúnlẹ̀ sí ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó sọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ó ní:

"Èmi ni mo kọ ọ́ pé wọ́n pọ̀. Mo wá bẹ̀ yín."

Ọkùnrin náà wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, àárẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ìwọ ni?" ó wí. "Dìde, ilẹ̀ tutù."

Elétí Ehoro gbọ́ "ìwọ" yẹn, ó gbà pé ó tọ́ sí òun. Bí wọ́n bá gbá òun létí gan-an, òun ò ní lè bínú. Ó ń gbìyànjú àtidìde ni ohùn ìyá àgbà jáde láti inú yàrá, tí wọ́n ń béèrè pé ta ni àlejò. Ológbà yíjú sẹ́yìn. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó rọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́sí.

"Obìnrin kan ni, Màmá. Má dìde. Mo ń bọ̀ wá fún ẹ lómi."

Sí ìyá tó bí i lọ́mọ. Elétí Ehoro rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. Ó wo ọkùnrin náà, ọkùnrin náà sì rí ohun tó ń wò. Ó gbọn erùpẹ̀ dànù lọ́wọ́, ó sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ní àtìmọ́lé, ìgbàkígbà tí òun bá ti ní "wọ́n", ìbéèrè àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò ni pé mélòó ni wọ́n. Bí òun bá ní ìyá òun ni, wọ́n á tún ní, mélòó? Oṣù márùn-ún. Ó ní òun ò lè sọ ọ́ mọ́, ì báà ṣe ti ọba. Bó bá dé ọ̀fun òun, ṣe ló ń há síbẹ̀, òógùn á sì bo òun.

Ìyá àgbà ò dúró de omi. Wọ́n ti di ògiri mú, wọ́n yọ sí ẹnu ọ̀nà, obìnrin tín-ín-rín tí ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé àlejò náà wá láti iléeṣẹ́ ìjọba. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn sí Elétí Ehoro, nítorí bí ọmọ wọn ṣe pè é ní "ìwọ".

"Ẹ má bínú sí i. Ọmọ mi kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo kọ́ ọ dáadáa, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Elétí Ehoro wá bírò àti bébà, ó jókòó sí àárín àwọn agolo, ó kọ ọ́ ní èdè wa, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó kà á fún wọn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni.